Òkúta ń ṣá ojú iná ọkọ̀ mi: ṣé kí n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, àbí kí n jẹ́ kí pẹ́ńtà ha á?

Ìbéèrè náà rèé bó ṣe wọlé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Iná iwájú méjèèjì tí mo rà ní tuntun sí Corolla mi kò tíì lo oṣù mẹ́ta tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a lójú. Apá ọ̀tún nìkan, mo ka àpá mẹ́tàlélógún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Pẹ́ńtà mi ní kí n má fowó ṣòfò, òun á fi sáńpépà ha á, á dán bíi tuntun. Màmá mi ní ṣebí iná ṣì ń tàn, kí ló kàn mí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

* * *

Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, Màmá ni ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ òótọ́ jù. Tí iná bá ṣì ń tàn dé ibi tó yẹ kó tàn dé lálẹ́, àpá mẹ́tàlélógún kò tíì di ọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ náà dára, màá dé orí rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kó o sá fún ni pẹ́ńtà yẹn. Má jẹ́ kó fi sáńpépà kan iná tuntun rárá. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bi ọ́: ẹ̀yìn ọkọ̀ wo lo máa ń wà láàárọ̀?

Mo bi ọ́ torí èmi náà ti rin ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ bí típà ṣe ń tò níbẹ̀. Gbogbo wa la sì máa ń bú awakọ̀ típà pé kò fi tapólì bo ẹrù rẹ̀. Ó jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ òkúta tó ń jábọ́ láti orí típà kọ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń ṣá wa. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, níbi tí ọ̀dà ti bó tàbí tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, tí táyà ọkọ̀ tó wà níwájú ń ta á sẹ́yìn. Kékeré inú ọkọ̀ lè ta á, Hilux lè ta á. Dá mi lóhùn ná.

* * *

Kó tó dáhùn, ẹnì kan nínú àwọn tó ń kà wá ti já lu ọ̀rọ̀ pé tipẹ́tipẹ́ ni ọkọ̀ ti bàjẹ́, pé gíláàsì iná Peugeot 504 ìjọ́sí kì í ní irú àìsàn báyìí.

Òótọ́ ni, irọ́ ni. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975, gíláàsì pátápátá ni ojú iná rẹ̀. Kì í pọ́n. Oòrùn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bàbá mi lo tiwọn títí ara ọkọ̀ fi jẹrà, ojú iná ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n òkúta kan ṣoṣo tó bá bá a dáadáa, ó fọ́ nìyẹn, òjò wọnú rẹ̀, dígí inú rẹ̀ á dípẹtà. Bàbá mi pààrọ̀ tọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì. Àwa kì í rántí ìyẹn tá a bá ń ròyìn ayé àtijọ́.

Èyí tó wà lára Corolla rẹ, "gíláàsì" la ń pè é lẹ́nu lásán, rọ́bà ni. Polycarbonate ni wọ́n ń pe irú rọ́bà náà. Hermann Schnell, oníṣẹ́ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, ló ṣe é jáde ní 1953, ẹlòmíràn ní General Electric ní Amẹ́ríkà náà sì rí i ṣe láàárín àkókò kan náà láìmọ̀ nípa tirẹ̀. Ní 1983 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa lo irú iná tuntun tí ojú rẹ̀ lè jẹ́ rọ́bà, látìgbà náà ni gíláàsì ti ń dínkù. Ó fúyẹ́, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n kó bá ìrísí ọkọ̀ mu, òkúta kì í sì tètè fọ́ ọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe asà tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé dání níbi rògbòdìyàn.

Irú rẹ̀ náà sì ni síídì. Ẹ rántí síídì? Ẹ jù ú mọ́lẹ̀, kò fọ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó ti ha. Ìwà iná ọkọ̀ yín gan-an nìyẹn: ó le fún ìkọlù, kò le fún ìha. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù.

* * *

Ibi tí mo ti fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ rèé.

Torí pé wọ́n mọ ìwà rọ́bà yìí, àwọn tó ń ṣe iná kì í fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Wọ́n ń fi awọ kan bò ó lójú kó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́, awọ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó le ju rọ́bà fúnra rẹ̀ lọ, tó sì ń dènà oòrùn. Awọ yẹn ló ń jẹ́ kí iná tuntun jẹ́ tuntun. Ọjọ́ tó bá ti tán, kíkà lẹ ó máa ka oṣù: ojú iná á kọ́kọ́ ṣú bí ojú arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Kí wá ni sáńpépà ń ṣe? Awọ yẹn ló ń há kúrò. Ó ní láti há a kúrò tó bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀ àpá òkúta. Nítorí náà, pẹ́ńtà tó fẹ́ bá ọ ha iná oṣù mẹ́ta, àpá mẹ́tàlélógún ló fẹ́ mú kúrò, awọ tó kù yí wọn ká, tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún sí i, ló máa fi san án. Ó fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá. Lóòótọ́, á dán bíi tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ tó bá ṣe é. Ẹ jẹ́ kí oòrùn oṣù kejì sí ìkẹta tàn sí i tán ná.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹgbẹ́ awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán irú iná tí ojú rẹ̀ ti ṣú tó sì ti pọ́n wò ní 2018. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, tí wọ́n bá tan iná kékeré, kò ju ìdá 22 nínú 100 ti iná tuntun lọ. Ìkùukùu àárọ̀ Ẹ̀fọ̀n ni kí ẹ fi ìyẹn wọ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń kọ́ sọ́tùn-ún kọ́ sósì lára òkè, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá àpá òkúta ló yẹ ká máa kà.

* * *

Àwọn ọlọ́ṣẹ ìfọyín ti dé. Mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Ẹni mẹ́ta ló ti sọ ọ́ báyìí: fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, á mọ́. Á mọ́ lóòótọ́. Yanrìn kíkúnná bí ìyẹ̀fun ló wà nínú ọṣẹ náà, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ eyín, ìdí náà nìyẹn tá a fi ń fi í pa síídì tó bá ń fò. Ó ń há òkè iná díẹ̀. Kò fi ohunkóhun rọ́pò ohun tó há. Ẹ ṣe é tí ẹ bá ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹnì kan ní ìpara ẹ̀fọn ló dára jù, pé ó rí i nínú fídíò. Èyí tí DEET, kẹ́míkà tó ń lé ẹ̀fọn, wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú àwọn fídíò yẹn. DEET ń yọ́ rọ́bà ni! Ohun tó dà bíi pé ó mọ́ yẹn, ojú rọ́bà ló ti yọ́ tó sì tún dì. Ẹ má ṣe é.

Pẹtiróò ńkọ́, tínà ńkọ́? Kí n sọ tèmi. Lọ́dún tí mo ra Camry tọ̀kúnbọ̀ mi, ọ̀dà ojú títì lẹ̀ mọ́ ojú iná òsì. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ ní Adó. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó ki àkísà bọ inú agolo tínà, ó fà á lórí iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀dà lọ. A jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa délé, àwọn ìlà tín-tín-tín ti yọ sínú rọ́bà náà, bíi ti àwo tánganran tó ti pẹ́, tí èèyàn ń rí nígbà tí oòrùn bá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò sí lókè tí èèyàn á há wọn, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Iná yẹn kò tún ṣeé ṣe mọ́. Òróró ìdáná lásán ló yẹ ká fi pa ọ̀dà náà, ká fi í sílẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò kì í ṣe tuntun, ó ti pọ́n bí ọsàn. Ṣé kí n máa wò ó ni?"

Rárá, ìwọ ni sáńpépà wà fún. Awọ tìẹ ti kú, kò sí ohun tó o fẹ́ pàdánù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó o má bẹ̀rẹ̀ tí o kò bá tíì ní ohun tó o máa fi bò ó lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń fọ ọkọ̀, mo máa ń lẹ téèpù ìlọ́po méjì yí iná ká, lára bọ́ńpà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. (Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é mi ò lẹ nǹkan kan. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára bọ́ńpà mi.) Mo máa rẹ sáńpépà sínú omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 600 ni màá fi bẹ̀rẹ̀ tó bá ti bàjẹ́ gan-an, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, 800 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe ń kúnná tó). Mo máa ń há a lọ há a bọ̀ ní ìbú, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí omi má sì gbẹ lójú rẹ̀.

Ẹ wo omi tó ń ṣàn sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ á máa pọ́n bí omi ògì bàbà. Awọ tó ti kú ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Tó bá yá, omi náà á wá funfun bí ògì àgbàdo, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n: sáńpépà tó ti ń fà bí ẹni tó ń ha ògiri á wá máa yọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti dé ara rọ́bà. Ìgbà náà ni kí ẹ mú nọ́ńbà 1000, kí ẹ há a lóòró, títí ìlà ìbú ti àkọ́kọ́ á fi tán pátá.

Ibi tí ìjà wà lókù. Àwọn pẹ́ńtà kan á ní kó o lọ dé 2000, dé 3000, kó o fi kọ́ńpáǹdì (ìpara tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀) dán an títí á fi mọ́ bíi dígí, kí wọ́n tó wá fọ́n kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, lé e. Mi ò gbà. Kílíà ń fẹ́ ibi tó máa di mú. Èyí tí mo bá dán dé 3000, oṣù kẹrin ló ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń dúró sí 1000, tí ojú iná ṣì funfun bí ẹni pé mo bà á jẹ́, tí mo wá ń fọ́n kílíà tó ní hàdínà (èyí tó ń mú kó le) lé e lẹ́ẹ̀mejì (fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó rin dáadáa lẹ́ẹ̀kejì), ó ń mọ́ kedere lójú mi bí kílíà ṣe ń balẹ̀. Ti Camry yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún ti lo ọdún méjì ó lé, kò tíì bó.

Kọ́ńpáǹdì wà fún ẹni tí kò ní kílíà. Kí ó dán an, kí ó fi wáàsì (ìda ìpara ọkọ̀) pa á, kí ó sì mọ̀ pé òun á tún un ṣe kí ọdún tó yípo.

Ẹ ṣọ́ra fún hàdínà yẹn o. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú rẹ̀, ó lè dá ikọ́ fée sí èèyàn lára. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò lè dá a dúró. Ìta gbangba, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ, ìbòmú àwọn tó ń kun ọkọ̀ gan-an. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí ọmọdé ń ṣeré sí.

* * *

Ẹni tó bi wá nípa àpá jíjìn: fi èékánná rìn ín. Bí èékánná bá kọjá lórí rẹ̀ láìhá, sáńpépà lè mú un. Bó bá há, fi í sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń lé àpá kan ṣoṣo títí ó fi gbẹ́ kòtò sójú iná. Lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń tẹ̀ lọ sínú igbó.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rá tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ fún mi, ọ̀rá fèrèsé ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, kò sì nà. Ojú iná sì rèé, ó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, kò tẹ́. Ọ̀rá náà ká jọ létí, iyanrìn wọ abẹ́ rẹ̀, ó pọ́n kí ọdún tó pé. Nígbà tí mo ní kí n ṣí i, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kù sójú iná.

Ọ̀rá tó yẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní PPF, ọ̀rá tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ara ọkọ̀, tó jẹ́ irú rọ́bà tó ń jẹ́ polyurethane. Ó nípọn tó bíi 0.2 mìlímítà, ó ń nà bí rọ́bà bàlúù tí o bá fà á, bí òkúta bá sì kàn án, á tẹ̀, á padà. Àwọn tó dára nínú wọn, bí èékánná bá há wọn lásán, ooru oòrùn á pa àpá náà rẹ́. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́: wọ́n á fọ́n ọn sójú iná àti sẹ́yìn ọ̀rá, wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi jáde láti àárín wá sí etí. Ó lè ní ìkùukùu díẹ̀ nínú fún ọjọ́ mélòó kan. Kó o má fi ọwọ́ kàn án.

Ìwọ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, gbọ́ èyí: àwọn àpá kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ kò dí ọ̀rá lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á kún inú wọn, púpọ̀ nínú wọn ò ní hàn mọ́. Àmọ́ tí o bá jẹ́ kí oòrùn wọ etí àpá wọ̀nyẹn fún ọdún kan, tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò yí wọn ká, orí ohun tó ń bó lo máa lẹ ọ̀rá sí nìyẹn. Àsìkò rẹ̀ nìyí.

Ọ̀rá náà kì í wà títí láé. Á gba ìyà dípò iná, á gbó, wàá ṣí i, wàá lẹ òmíràn. Òun náà ni iṣẹ́ rẹ̀.

* * *

Nẹ́ẹ̀tì wáyà bíi ti lọ́rí? Ó ń dá òkúta ńlá dúró, kì í dá wẹ́wẹ́, ó sì ń gé ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kò yẹ ọkọ̀ ilé.

Ẹni tó ní òun ti fi gílóòbù 100 wáàtì sí i kó lè la ojú iná tó ṣú já: gílóòbù H4 tó bá ọkọ̀ wá, wáàtì 60 fún iná ńlá àti 55 fún kékeré ni. Èyí tó o fi sí i yẹn ń sun wáyà, ń sun dígí ẹ̀yìn rẹ̀, ń dín rọ́bà iwájú. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ò ríran, ìwọ náà ò ríran. Yọ ọ́ lónìí.

Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dárúkọ wọn. Kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ táyà, òun náà ni wọ́n ń gbé wá sójú iná. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti di èèpá lára ọkọ̀, mo máa ń dúró tì wọ́n: omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà á, kó dà á, kó dà á, kí ọwọ́ tó kàn án.

* * *

"Tèmi ti sán, omi ń wọ inú rẹ̀. Rewáyà ní kí òun lu ihò kékeré sísàlẹ̀ kí omi máa jò jáde."

Ihò tí omi ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni eruku àti èèrà ń gbà wọlé. Iná ti ní ihò èémí tirẹ̀ látilẹ̀ wá, lẹ́yìn. Ìkùukùu díẹ̀ tó ń gbẹ tí o bá tan iná, kò burú. Omi tó dúró bí ẹni pọn ọ́n sínú ìgò, sísán ni. Yọ iná náà, tú omi rẹ̀ dà, fi í sínú oòrùn kó gbẹ, fi gọ́ọ̀mù tó ń mọ́ kedere dí ojú sísán, máa wá owó òmíràn jọ. Sáńpépà kò lè wo sísán.

* * *

Ó ti dá mi lóhùn. Ó ní ẹ̀yìn típà lòun sábà máa ń wà, òun sì máa ń sún mọ́ ọn gan-an torí òun ń wá àyè láti ya á.

Àbúrò, ibẹ̀ lowó rẹ ti ń lọ. Òkúta tó bá ọ ní 100 kìlómítà ní wákàtí, agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó bá ọ ní 50. Ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Tí o bá wá sún mọ́ típà tó bẹ́ẹ̀, òkúta tí táyà rẹ̀ ta kò tíì ráyè balẹ̀ tó fi bá ọ. Fà sẹ́yìn títí wàá fi máa rí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì àti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn dáadáa. Tí o bá máa ya á, dúró de ibi tí ọ̀nà ti tẹ́, yọ síta láti ọ̀nà jíjìn, kó o má fi imú ha á lẹ́yìn fún kìlómítà mẹ́ta.

Ó tún bi mí ibi tó ti máa rí PPF tí owó rẹ̀ ò ní pa á. Má ra odidi. Àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ara ọkọ̀ olówó máa ń ní àjẹkù tí wọ́n gé kúrò létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó gùn tó apá èèyàn kan, tó sì fẹ̀ díẹ̀, ti tó iná méjèèjì. Bèèrè àjẹkù yẹn. Kí wọ́n tó gé e, ní kí wọ́n jẹ́ kó o fi ọwọ́ fa igun rẹ̀ kan wò: bó bá nà tó sì padà, òun ni. Bí kò bá nà, ọ̀rá fèrèsé ni, máa bá tìẹ lọ.